Ajá Inú Òkùnkùn Tí A Kì Í Bá Sọ̀rọ̀

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe ní Èkó, nítorí pé n kì í sọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe gbà mí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí bàbá mi tó ṣaláìsí, tí àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, wá mú mi wá sí Ìgàndó. Bí àlejò bá bi mí ní ohunkóhun, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Àǹtí mi mú mi lọ sọ́dọ̀ aránṣọ kan lójú ọ̀nà tó ti Ìkòtún bọ̀, pé kí n wá kọ́ṣẹ́. Aránṣọ náà wò mí títí, ó ní òun kò lè kọ́ ẹni tí kò ní lè bi oníbàárà bó ṣe fẹ́ kí ọrùn aṣọ rẹ̀ rí.

Ọkùnrin kan tó wá gba ṣòkòtò tó fún un tún ṣe wà ní ìdúró nígbà náà. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ fà á lé mi lọ́wọ́," ló sọ fún àǹtí mi. "Irú ẹni tí mò ń wá gan-an nìyí. Àwọn tó ti bá mi ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹnu wọn ò dákẹ́ rí."

Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí ti aránṣọ. Ẹran ọ̀sìn ló ń tà: ajá ni pàtàkì, lẹ́yìn náà ehoro, ológbò, ẹyẹlé, ìjàpá, àti odídẹ kan ṣoṣo tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Alájá ni àdúgbò ń pè é. Èmi ń pè é ní Ọ̀gá.

Níwájú ṣọ́ọ̀bù, kéèjì lórí kéèjì ni. Ìtọ̀ ológbò tó wà lókè máa ń kán sórí ehoro tó wà nísàlẹ̀, èmi ni mo sì máa ń nu ehoro. Oòrùn ọ̀sán á ta sí wọn lára títí wọ́n á fi lanu sílẹ̀. Bí ọmọdé tó ti ilé ìwé bọ̀ bá ti ìka bọ inú wáyà, kò sẹ́ni tó ń sọ fún un pé kó yọ ọ́. Bí nǹkan bá sì gé e jẹ, Ọ̀gá á gé irun ẹranko náà díẹ̀, á sun ún, á fi epo pupa pò ó, á fi pa ojú ibẹ̀. "Ohun tó bu ni jẹ náà ni oògùn rẹ̀," ló máa ń wí. Ìyá ọmọ á dúpẹ́, wọ́n á máa lọ. Èmi náà gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n yàrá ẹ̀yìn ló mú kí Ọ̀gá lókìkí. Yàrá náà kò ní fèrèsé. Ilẹ̀kùn onírin ló ní, wọ́n sì gé ihò pẹlẹbẹ kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí abọ́ lè gbà kọjá. Ibẹ̀ ni ajá tí ènìyàn bá rà láti fi ṣọ́lé máa ń gbé. Kò gbọdọ̀ rí ìmọ́lẹ̀, kò gbọdọ̀ gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, títí ọjọ́ tí Ọ̀gá bá dá fún ẹni tó rà á. Lọ́jọ́ náà, ẹni yẹn nìkan ni yóò ṣílẹ̀kùn, tí yóò wọlé tòun ti ẹran tútù lọ́wọ́, tí yóò pa ilẹ̀kùn dé, tí yóò sì pe ajá náà lórúkọ nínú òkùnkùn. Ohùn tí ajá bá kọ́kọ́ gbọ́ níbẹ̀, Ọ̀gá ní, ohùn olówó rẹ̀ nìyẹn títí ikú. Ó ní ọdẹ kan ló kọ́ òun. Àwọn ènìyàn ń ti Abúlé Ẹ̀gbá, wọ́n ń ti Ìpájà wá nítorí yàrá yẹn.

Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ fún ẹni inú yàrá. N kò gbọdọ̀ wúkọ́. N kò gbọdọ̀ wọ bàtà tó ń dún. Màá kúnlẹ̀, màá ti abọ́ wọlé, màá fa abọ́ àná jáde, màá sì dìde. Bí mo bá kúnlẹ̀ báyìí, mo máa ń gbọ́ èémí ohun tó wà nínú, tó sún mọ́ mi ju bí ènìyàn ṣe ń sún mọ́ ènìyàn lọ, tí n kò sì rí nǹkan kan.

Ajá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, akọ ni, pupa rúsúrúsú, kò tíì dàgbà tán. Ẹnì kan gbé e wá láti apá Ògùn, etí rẹ̀ kan ya, ojú ibẹ̀ ti ń san. Obìnrin tó rà á ń gbé ní Gowon Estate pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti ọmọbìnrin kékeré kan. Olè ti já wọlé wọn, wọ́n sì dá ìyá àgbà náà dọ̀bálẹ̀. Ìgbà tí obìnrin náà ń sọ ọ́, ńṣe ló ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí báàgì rẹ̀.

"Ó ti gba abẹ́rẹ́ àbí?" ló bi Ọ̀gá.

"Màdáámù mi, ìyá rẹ̀ ti gbà á. Inú wàrà ló wà. Ó ti mu ún."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe ni?"

"Ẹ̀yin náà, àbí ìyá yín ò fún yín lọ́mú ni?"

Aránṣọ gbọ́ ọ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó pariwo pé, "Alájá, ẹ má fi ọmú bá ọmọ ọlọ́mọ ṣeré o!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ sì bọ́ sọnù síbẹ̀. Wọ́n ti ajá náà mọ́lé. Obìnrin náà dágbére fún mi lọ́tọ̀, ó ní, "Bá mi tọ́jú ẹ̀ dáadáa o, àbúrò mi." Kò sí oníbàárà tó dágbére fún mi rí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ajá náà dára. Ó máa ń gbọ́ ìrìn mi. Bí mo bá ti abọ́ wọlé, imú rẹ̀ tútù á kan ìka mi, á fi ahọ́n lá ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Wáyà kéèjì ehoro máa ń ya mí lọ́wọ́, ibi tó ya yẹn ló sì fẹ́ràn láti máa lá. N kì í tètè fa ọwọ́ mi jáde. Ní gbogbo Èkó nígbà náà, òun nìkan ni n kò ní láti wá ọ̀rọ̀ sọ fún.

Lẹ́yìn náà, ó ṣíwọ́ lílá ọwọ́ mi. Mo ti abọ́ wọlé, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo rò pé ó sùn. Nígbà tí mo padà dé, ẹ̀bà wà bó ṣe wà, omi sì wà bó ṣe wà, èèrà ti kún un. Lọ́jọ́ kejì ó ti da omi náà nù, etí abọ́ ike náà sì ti já jágajàga, bí ìgbà tí ènìyàn fi ayùn rẹ́ ẹ. N kò rí àjákù rẹ̀ nílẹ̀. Ó ti gbé e mì.

Mo fi abọ́ náà han Ọ̀gá. Inú rẹ̀ dùn.

"Ó ti ń gbóná! Ajá tó bá kọ oúnjẹ, ènìyàn ló ń wá. Má fọwọ́ kàn án mọ́ o."

Ìgbà náà ni ẹkún bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe gbígbó, kì í sì í ṣe híhu tí ajá máa ń hu. Ohùn rẹ̀ ti há. Á bẹ̀rẹ̀ bíi gbígbó, kí ó tó parí á yí padà, á fà gùn, á di bí ẹni tó ń pe ènìyàn láti ìsàlẹ̀ kànga, tí kò rántí orúkọ ẹni tó ń pè. Bó bá ti ké e, gbogbo kéèjì iwájú á dákẹ́. Àwọn ọmọ ajá á rọ́ jọ sí igun kan. Ehoro á dúró gbọn-in bí ère. Mo máa ń dúró bẹ́ẹ̀ náà, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, títí ẹkún náà á fi tán.

Kò pẹ́ tí odídẹ fi kọ́ ọ.

Ọ̀sán gangan ni. Mò ń fọ abọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn mi sí ẹyẹ náà, oòrùn ń ràn, kẹ̀kẹ́ ń kọjá, mo sì gbọ́ ohùn inú yàrá yẹn létí mi, níta gbangba. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo rò pé ó ti jáde. Mo yíjú, odídẹ ló fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ń wò mí. Ó tún ké e, ó ké e pé pérépéré, títí kan ibi tí èémí ti ń já ní ìparí rẹ̀. Láti inú yàrá ẹ̀yìn, ajá náà dá a lóhùn.

Aránṣọ yọjú. "Alájá, ta lẹ so mọ́lé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ kó máa lọ bá ìyá ẹ̀ jàre!"

"Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn wa ni ẹyẹ ń fara wé," Ọ̀gá dáhùn. "Wọ́n ń gbààwẹ̀."

"Ààwẹ̀ wo ló ń dún báyìí? Èyí ti kọjá ààwẹ̀ o."

Èmi mọ̀ pé kì í ṣe oníṣọ́ọ̀ṣì. Mo sì mọ̀ pé ọjọ́ tí Ọ̀gá dá fún obìnrin Gowon Estate ti kù sí dẹ̀dẹ̀, pé yóò wọ inú yàrá yẹn ní òun nìkan, yóò pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀, yóò na ọwọ́. N kò mọ ohun tó ń ṣe ajá náà. N kò mọ orúkọ àìsàn kankan. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kì í ṣe ẹni tó ń lá ọwọ́ mi ló wà níbẹ̀ mọ́. Mo máa ń tún un sọ nínú ara mi bí mo bá ń rìn lọ sílé: Ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọlé. Bí mo bá rí Ọ̀gá láàárọ̀, "Ẹ káàárọ̀ sà" nìkan ló máa ń jáde.

Ọjọ́ Sátidé ni obìnrin náà dé, lọ́sàn-án. Ó wọ bàtà pẹlẹbẹ àti aṣọ tí kò ní dùn ún bó bá ya, ó gbé ẹran sínú ọ̀rá dúdú. Ó kí mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Àyà mi ń já o, Ọ̀gá ajá. Ṣé kò ní pa mí jẹ?"

"Ìyàwó ń bẹ̀rù ilé ọkọ," Ọ̀gá wí. "Ẹ wọlé, ẹ pa ilẹ̀kùn, ẹ na ẹran sí i, ẹ pe orúkọ ẹ̀. Ẹ má fa ọwọ́ padà o. Bí ẹ bá fa ọwọ́ padà, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn."

Ó fún un ní kọ́kọ́rọ́. Obìnrin náà gbà á, ó ti gbẹ́sẹ̀ sí ọ̀nà ẹ̀yìn, ìgbà náà ni odídẹ ké.

Obìnrin náà dúró. Ó yíjú padà díẹ̀díẹ̀.

"Níbo ni ẹyẹ yìí ti gbọ́ ìyẹn?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì ni, màdáámù mi. Ẹ ò mọ̀ wọ́n ni?"

Kò wo Ọ̀gá. Èmi ló ń wò. "Àbúrò mi, níbo ló ti gbọ́ ọ?"

Bóyá nítorí pé èmi gan-an ló bi ni. Mo gbọ́ ohùn ara mi kí n tó mọ̀ pé mo ti lanu.

"Ajá yín ni, mà. Kò jẹun mọ́. Kò mu omi. Ẹ má wọlé."

Ọ̀gá yíjú sí mi bí ẹni tí àga bá sọ̀rọ̀. "Ìwọ! Ta ló tú okùn ahọ́n ẹ lónìí?"

"Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀," obìnrin náà wí. Ohùn rẹ̀ ti yí. "Ọmọdé ni mí lábúlé wa nígbà tí mo gbọ́ irú ẹkún yìí. Ajá kan ló ń ké e lábẹ́ àká. Ọkọ ìyá mi àgbà lọ fọwọ́ bà á." Kò parí rẹ̀. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ náà lé orí kéèjì, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ.

Inú bí Ọ̀gá. Ó ní kò sí àìsàn kan nínú ṣọ́ọ̀bù òun, ó ní wọ́n fẹ́ ba iṣẹ́ òun jẹ́ lójú ọ̀nà. Ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó ní kí gbogbo wa wá wò ó. Ó kúnlẹ̀ níbi tí mo máa ń kúnlẹ̀, ó tan iná gba inú ihò. Mo tẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, obìnrin náà dúró lẹ́yìn wa.

Ajá náà dúró ní igun, ó kọjú sí ògiri, bí ọmọ tí wọ́n ní kó lọ dúró síbẹ̀. Ó ti rù. Ó ń gé afẹ́fẹ́ jẹ, pàkà, pàkà, bí ẹni tó ń mú eṣinṣin, eṣinṣin kan ò sì sí níbẹ̀. Nígbà tí iná kàn án, ó yíjú. Àgbọ̀n rẹ̀ ti já wálẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò pàdé, itọ́ ń fà láti inú rẹ̀ kanlẹ̀. Kò gbó. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé ó jọ pé ó fẹ́ kí a ran òun lọ́wọ́.

"Ẹ rí i!" Ọ̀gá mí kanlẹ̀, ayọ̀ tilẹ̀ wà lóhùn rẹ̀. "Eegun ló há a lọ́fun. Ìdí tí kò fi jẹun nìyẹn, tí ohùn rẹ̀ fi há. Eegun lásán!" Ó ti gbé tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó ń ká apá aṣọ rẹ̀. "Màá yọ ọ́ báyìí."

Ajá náà ti dé ẹnu ihò, ó gbé ẹnu rẹ̀ tó là sílẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀gá na ọwọ́.

Mo di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn. Mo fà á débi pé bọ́tìnnì rẹ̀ já.

"Ọ̀gá, mi ò fún un léegun."

"Kí lo wí?"

"Mi ò fún un léegun rí. Ẹ̀bà ni, ẹ̀bà àti omi ẹja. Kò séegun lọ́fun ẹ̀, sà."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú. Ó wo ihò náà, ó wo èmi. Itọ́ ajá náà kán sórí símẹ́ńtì níwájú ìka rẹ̀. Ó sún sẹ́yìn lórí ìdí rẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri, ó sì jókòó síbẹ̀.

Obìnrin náà ló fi fóònù pe dókítà ẹranko tó mọ̀. Dókítà náà dé lórí ọ̀kadà, ó yọjú wo ihò lẹ́ẹ̀kan, ó sì ní kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dí i. Ó ní dìgbòlugi ni òun rò, àyẹ̀wò ni yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bèèrè pé, "Ta ló ń fún un lóúnjẹ?"

Gbogbo wọn wò mí. Mo na ọwọ́ mi. Ojú ibi tí wáyà ya wà níbẹ̀, ó ṣì pọ́n.

"Ṣé ó lá ibí yìí?"

"Ó máa ń lá a, sà. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ṣíwọ́."

Ọ̀gá ti ń wá sísọ́ọ̀sì kiri, ó ń sọ jẹ́jẹ́ pé òun á gé irun ajá náà, òun á sun ún fún mi. Dókítà kò tilẹ̀ bínú. "Alàgbà, irun rẹ̀ kì í wo nǹkan kan sàn. Ọṣẹ dà?" Ó mú mi lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi lábẹ́ omi tó ń sàn, ó ń fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ mi fi hunjọ bí ti arúgbó. Obìnrin náà gbé mi sínú kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, ó jókòó tì mí títí wọ́n fi gún mi tán. Ẹran tó gbé wá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọ̀rá. Kò mọ̀.

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ pa ajá náà. Wọ́n gé orí rẹ̀, wọ́n dì í sínú ọ̀rá pẹ̀lú yìnyín, wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Èsì tó dé ni pé òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n ṣí yàrá náà kí oòrùn wọ̀ ọ́, mo rí ilẹ̀kùn láti inú. Etí ihò náà, ibi tí ọwọ́ mi máa ń gbà wọlé, eyín ti fá ọ̀dà rẹ̀ kúrò pátá, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí i, irin sì ń dán.

Títí mo fi gba abẹ́rẹ́ náà tán, àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ni àǹtí mi máa ń bu omi sínú ife, táá dúró tì mí. "Mu ún kí n rí ẹ." Wọ́n ti sọ fún un pé ẹni tí àìsàn náà bá ràn máa ń bẹ̀rù omi. Màá gbé ife náà, màá wo omi, màá máa fetí sí ara mi bóyá ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù sì máa ń bà mí lóòótọ́, n kò sì mọ̀ bóyá omi ló ń bà mí lẹ́rù ni tàbí ohun tí mò ń wá nínú ara mi. Màá pa ojú dé, màá mu ún. Ìgbà náà ni àǹtí mi á tó mí kanlẹ̀.

Mo gbà á tán, nǹkan kan kò ṣe mí. Obìnrin Gowon Estate kò ra ajá lọ́dọ̀ wa mọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń yà kí mi bó bá gba ọ̀nà wa kọjá, èmi náà sì máa ń bi í léèrè ìyá rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀.

Ọ̀gá ní kí wọ́n lu fèrèsé sí yàrá náà, wọ́n fi wáyà dí i. Dókítà ẹranko ń wá gún àwọn ẹran rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Ọjọ́ tó tún rí ajá kan fi síbẹ̀, ó gbé abọ́ lé mi lọ́wọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo gbé e padà fún un.

"Mi ò lè ṣe é mọ́, sà."

Mo rò pé yóò lé mi. Ó wo abọ́ náà, ó wo ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó gbé e, ó sì lọ fúnra rẹ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèjì ehoro, mò ń gbọ́ bàtà rẹ̀ títí ó fi dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó dúró níbẹ̀ pẹ́. Kò kúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ tó ń sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé àna rẹ̀.

"Èmi ni o. Oúnjẹ ni mo gbé wá. Dá mi lóhùn kí n tó na ọwọ́, jọ̀ọ́."

Ó pẹ́ díẹ̀. Ajá náà gbó, gbígbó lásán, bí ajá ṣe ń gbó.